Fáìlì Tí Switch Ń Gbà Lọ́wọ́ Ẹni Tí Kò Mọ̀

  

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2018, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Iran àti Rọ́ṣíà ṣàdédé rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ti dákẹ́. Nígbà tí àwọn ẹnjinníà dé ìdí àwọn àpótí switch wọn, tí wọ́n sì wo inú wọn, àsíá Amẹ́ríkà ni wọ́n bá níbẹ̀, tí ẹnìkan fi àwọn àmì orí kíbọ́ọ̀dù yà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ ṣókí pé kí wọ́n jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìbò Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ ìjọba Iran tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ sọ pé switch bíi 3,500 ló fara gbá a nílẹ̀ wọn, àti pé káàkiri àgbáyé ó tó 200,000.

Kò sẹ́ni tó fọ́ ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó gé wáyà. Wọ́n kàn pààrọ̀ ohun tó wà nínú fáìlì ni, àpótí náà sì gbàgbé ẹni tó jẹ́.

Fún ẹni tí kò bá tíì kíyè sí switch rí, òun ni àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì tàbí kí wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, tí wáyà 24 tàbí 48 ń wọ inú ẹ̀, tí iná wẹ́wẹ́ sì ń ṣẹ́jú lára ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan kó sì fi lé kọ̀ǹpútà tó ni ín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bíi sókẹ́ẹ̀tì iná lásán ni, pé ẹ sá ti ki wáyà bọ̀ ọ́, ó parí. Rárá o. Kọ̀ǹpútà ni òun náà. Ó ní ibi tó ń kó fáìlì sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ kò ju méjì mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́ ni sọ́fítíwíà tó ń mú un ṣiṣẹ́. Èkejì ni fáìlì ìṣètò, tó ń sọ orúkọ rẹ̀ fún un, àdírẹ́sì rẹ̀, ihò wo ni ti ẹ̀ka ìṣirò owó, ihò wo ni ti yàrá ìkàwé, ta ló sì lè wọlé wá pàṣẹ fún un. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fáìlì yẹn, ẹ ti sọ ọ́ di switch ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tó gbé mi padà sínú àwọn ìwé àtijọ́ ni pé, báwo ni àpótí tí gbogbo ilé-iṣẹ́ gbára lé ṣe máa ń gba fáìlì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí? Ohun tí mo rí ni pé ìwà tí wọ́n bí mọ́ ọn ni. Nígbà tí wọ́n ń dá baba ńlá rẹ̀ sílẹ̀, ààyè inú rẹ̀ kéré débi pé kò lè gba fáìlì tirẹ̀, kò sì lè gba kọ́kọ́rọ́. Ààyè ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń sún síwájú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1981. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Karen Sollins ní MIT gbé ìwé kan jáde, RFC 783, èyí tó ṣàlàyé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní TFTP. Noel Chiappa ló kọ́kọ́ gbèrò ìlànà náà, àwọn mìíràn sì bá a tún un ṣe. Ohun tó wà fún ni kí kọ̀ǹpútà kan lè gba fáìlì lọ́wọ́ èkejì lọ́nà tó rọrùn jù lọ tó lè ṣeé ṣe. Wọ́n á gé fáìlì náà sí ègé-ègé, báìtì 512 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbà á á dáhùn pé òun ti gba èyí, kí ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ tó ju òmíràn sí i. Ṣé ẹ ti rí àwọn lébìrà nídìí ilé tí wọ́n ń kọ́, bí wọ́n ṣe ń ju búlọ́ọ̀kù sí ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè? Ẹni ìsàlẹ̀ kì í ju èkejì títí ẹni òkè á fi gbé èkíní kalẹ̀. Bí TFTP ṣe ń ṣe nìyẹn. Ègé tí kò bá ti pé 512 ni yóò fi mọ̀ pé fáìlì ti tán.

TFTP kò lè sọ fún yín àwọn fáìlì tó wà níbi tẹ́ ẹ ti ń gbà wọ́n. Ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ orúkọ fáìlì tẹ́ ẹ fẹ́. Kò sì ní béèrè ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Kò sí pásíwọ́ọ̀dù, kò sí orúkọ oníṣẹ́, kò sí nǹkankan. Ìwé náà kò fi èyí pa mọ́. Ó sọ ọ́ síta gbangba.

Mo ti gbọ́ táwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé aláìbìkítà làwọn tó ṣe é. Mi ò gbà. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń wá nígbà yẹn: kọ̀ǹpútà tí kò ní dísíìkì kankan nínú, tó jẹ́ pé tí iná bá dé, chip kékeré kan péré ló ní tí kò gbàgbé nǹkan. Inú chip kékeré yẹn ni gbogbo ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, Ross Finlayson ní Yunifásítì Stanford kọ ìwé mìíràn, RFC 906, ó ní kí wọ́n máa lo TFTP láti jí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ dìde, torí ìlànà náà rọrùn débi pé ó lè wọ inú chip ọ̀hún. Gbogbo laini tí wọ́n bá fi kọ́ kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀, laini tí ààyè kò ní gbà ni. Àwọn tó sì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà mọ ara wọn bí ará agboolé kan. Ta ni ì bá máa ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ìyáálé tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Ọgbà Stanford yìí kan náà ni ìtàn wa wà fún ìgbà díẹ̀. William Yeager ló kọ sọ́fítíwíà tó ń so oríṣiríṣi nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọgbà náà pọ̀. Andy Bechtolsheim ló ṣètò pátákó ẹ̀rọ tí sọ́fítíwíà náà ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Leonard Bosack ń bójú tó kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, Sandy Lerner aya rẹ̀ ń bójú tó ti ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òwò. Ní oṣù kejìlá ọdún 1984, àwọn méjèèjì dá ilé-iṣẹ́ Cisco sílẹ̀, wọ́n gé orúkọ náà láti ara San Francisco. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde fa aáwọ̀ díẹ̀ láàárín wọn àti Yunifásítì náà, kí ó tó di pé ní 1987 Stanford fún wọn ní ìwé àṣẹ láti máa lò ó. Ìyẹn ìtàn ọjọ́ mìíràn.

Ọjà wọn àkọ́kọ́ tó lókìkí, AGS, router ni, kì í ṣe switch, àmọ́ ìdílé kan náà ni. Inú chip EPROM ni sọ́fítíwíà AGS wà. EPROM yìí, ìtànṣán oríṣi kan lẹ fi ń nu ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ kò ṣeé yí i padà. Torí náà, tí sọ́fítíwíà tuntun bá jáde, ṣe ni wọ́n á tú àpótí náà, wọ́n á fa àwọn chip àtijọ́ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ki tuntun bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ chip kan tó bá tẹ̀, wàhálà dé.

Fáìlì ìṣètò ńkọ́? Ààyè kékeré kan wà fún un, tí bátìrì ń gbé ró kó má bàa gbàgbé nígbà tí iná bá lọ. Tí ààyè yẹn bá ṣófo, ẹ̀rọ náà kì í kàn jókòó. Ó máa ń pariwo sí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sí àdírẹ́sì 255.255.255.255 tó túmọ̀ sí gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́, pé ta ló ní fáìlì tó ń jẹ́ network-confg lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí òun. Ẹni tó bá dáhùn, tirẹ̀ ni yóò gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí àpótí tuntun irú èyí rí, tó sì ṣèṣì gbé wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí i kó tó ṣètò rẹ̀, á ti rí ọ̀rọ̀ yẹn lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, pé ó ti wá network-confg títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo ti rí i ní àìmọye ìgbà. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé igbe tí wọ́n kọ́ àwọn baba rẹ̀ nígbà tí wọn ò ní àpò tirẹ̀ ló ṣì ń ké, nígbà tí òun ti ní àpò tó tóbi.

Àpò yẹn, flash ni. Fujio Masuoka ní ilé-iṣẹ́ Toshiba, ní Japan, ló gbé e jáde ní 1984. Ó jẹ́ chip tí kì í gbàgbé nígbà tí iná bá lọ, tí wọ́n sì lè nù lójú ẹsẹ̀ láìyọ ọ́ kúrò níbi tó wà. Èyí ló sọ chip fífà yọ di ìtàn. Ẹ̀rọ ti lè tọ́jú sọ́fítíwíà tirẹ̀, ó lè tọ́jú méjì pọ̀ pàápàá, ẹ sì lè fi TFTP gbé tuntun wá láti ọ́fíìsì yín láìfọwọ́ kan àpótí.

Ṣùgbọ́n flash ní ìwà kan. Ẹni tó bá lọ ilé kéwú mọ wàláà. Ẹ lè máa kọ ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ bí ààyè bá ṣì wà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ibi tẹ́ ẹ ti kọ nǹkan sí, ẹ ò lè fọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Gbogbo ojú wàláà lẹ máa fi omi fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni flash: ìpín ńlá-ńlá lẹ fi ń nù ún. Torí ẹ̀ ni àwọn tó kọ sọ́fítíwíà ìgbà yẹn fi ṣe ohun tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Lórí àwọn àpótí kan, tẹ́ ẹ bá pàṣẹ delete, fáìlì náà kò kúrò. Wọ́n kàn sàmì sí i pé ẹ ti pa á rẹ́ ni. Ẹ wo ààyè tó kù, kò lé sí i rárá. Ẹ lè pàṣẹ undelete kó padà wá, tí ẹ bá sì fẹ́ máa ṣeré, ẹ lè pa á kí ẹ sì jí i tó ìgbà 15. Àyàfi tẹ́ ẹ bá pàṣẹ squeeze ni ẹ̀rọ náà á tó kó àwọn ààyè fáìlì jọ, á fọ wàláà, á sì tún kọ ohun tó ṣẹ́ kù. Ìyẹn lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Lórí irú àpótí mìíràn ẹ̀wẹ̀, squeeze ò sí; ẹ gbọ́dọ̀ nu gbogbo flash pátá kẹ́ ẹ tó rí ààyè gbà padà. Lórí ẹ̀kẹta, delete túmọ̀ sí delete gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń retí. Oríṣi mẹ́ta, àṣẹ kan náà, ìtumọ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá ní òun mọ flash láìbéèrè irú àpótí tó wà níwájú òun, kó ṣọ́ra.

Ibi tí àwa ará Nàìjíríà ti wọ ìtàn yìí nìyí. Tí flash kò bá gba sọ́fítíwíà méjì pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé tuntun wọlé. Láàárín ìgbà méjèèjì, àpótí náà kò ní nǹkankan nínú. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ o, torí ẹ̀dà tó ti kó sínú ìrántí tó ń lò lọ́wọ́ ṣì wà níbẹ̀. Iná ò gbọ́dọ̀ lọ báyìí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó kàn. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí iná bá padà dé, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni ojú dúdú kan tó ń retí pé kẹ́ ẹ fi wáyà kọ́ńsóòlù gbé sọ́fítíwíà wọlé pẹ̀lú XMODEM, ìlànà tí Ward Christensen kọ ní 1977. Ìyára wáyà yẹn, bit 9,600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó jẹ́ báìtì 960 tí a bá yọ àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí kúrò. Fáìlì tó tóbi tó 8 MB á gba ó kéré tán wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 25. Tí iná bá tún lọ nígbà tó ku díẹ̀ kó pé, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Mo mọ àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ síta torí fáìlì kan ṣoṣo.

Switch fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 1990 ni Kalpana, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní California, gbé EtherSwitch jáde, tó ní ihò méje. Cisco ra Crescendo ní 1993, ó ra Kalpana ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ara Crescendo ni ìdílé switch Catalyst ti wá, pẹ̀lú sọ́fítíwíà tirẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní CatOS. Báyìí ni ìwà méjì ṣe wá ń gbé inú ilé kan.

Lórí sọ́fítíwíà Cisco fúnra rẹ̀, IOS, fáìlì ìṣètò méjì ló wà. Running-config ni èyí tí ẹ̀rọ náà ń lò lọ́wọ́. Inú ìrántí tó ń gbàgbé ló wà. Startup-config ni èyí tó kọ pamọ́, tó máa kà nígbà tó bá tún jí. Gbogbo àṣẹ tẹ́ ẹ bá pa, èkíní ló ń wọ̀. Àyàfi tí ẹ bá fẹnu ara yín sọ pé kó dà á kọ sí èkejì, á pòórá nígbà tí iná bá lọ. Lórí CatOS, ẹ pàṣẹ, ó kọ ọ́ pamọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Nígbà tó yá, àpótí ńlá kan lè ní méjèèjì nínú: CatOS ń bójú tó ihò wáyà, IOS ń bójú tó ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ á pàṣẹ ní apá kan, kò ní láti tọ́jú ẹ̀. Á bọ́ sí apá kejì, á gbàgbé láti tọ́jú ẹ̀, á lọ sùn.

Èwo ló dáa jù? Nígbà tí mo ń kọ́ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń dìbò fún CatOS, torí iná. Èmi ń dìbò fún IOS. Ẹni tó bá ṣi àṣẹ pa débi pé ó ti ara rẹ̀ mọ́ta, ẹ kàn ní kó pa àpótí náà kó sì tún un tan. Ó ti padà sí bó ṣe wà láàárọ̀. Ìgbàgbé yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn. IOS ló borí nígbẹ̀yìn, CatOS ti di ohun ìgbàgbé, mi ò sì rò pé torí ìdìbò mi ni.

Èyí gbé mi dé orí fáìlì kẹta, tó ń jẹ́ vlan.dat. Ẹ lè pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí àdúgbò-àdúgbò tí kò ní máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. VLAN ni wọ́n ń pe àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Lórí àwọn Catalyst kékeré, vlan.dat ni ìwé orúkọ àwọn àdúgbò yìí wà, ó dá wà nínú flash, ó yàtọ̀ sí startup-config. Kí àwọn ẹnjinníà má bàa máa tẹ orúkọ kan náà sórí switch ogún, Cisco ṣe ìlànà kan, VTP, tí àwọn switch fi ń pín ìwé náà láàárín ara wọn. Nọ́ńbà kan wà lórí ìwé ọ̀hún tó ń fi ẹyọ kan lé sí i ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí nǹkan padà. Tí switch méjì bá pàdé, tí orúkọ agbègbè VTP wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ni wọ́n á gbà gbọ́. Ẹlòmíràn á sọ tirẹ̀ nù, á gba ti ẹni yẹn. Pásíwọ́ọ̀dù wà fún un, àmọ́ kò pọn dandan.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Ní Yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ, switch kan bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí a ń kó èsì ìdánwò jọ fún ìgbìmọ̀. Mo rántí pé ọ̀kan wà ní yàrá ìdánrawò tó jẹ́ pé ara nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ló wà tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ gbé e wá. Mo bi í, "Ṣé o ti pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Prof, mo ti erase startup-config ẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mi ò bi í léèrè vlan.dat, bẹ́ẹ̀ erase kì í kan fáìlì yẹn. Ọdún kan gbáko làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dá VLAN sílẹ̀ tí wọ́n ń pa á rẹ́ lórí àpótí yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ sì ti ga ju ti gbogbo switch wa lọ. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Kí n tó mu omi inú ife mi tán, àwọn switch wa ti gba ìwé àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ, wọ́n ti sọ tiwa nù. Ihò tí àdúgbò rẹ̀ ti pòórá kò gbé ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọ náà ń gbọ̀n, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, sà, ẹ má bínú." Mo ní kò sí ohun tó ṣe, èmi ni mo ṣe é.

A kò ní ẹ̀dà vlan.dat kankan. Ìwé ẹ̀kọ́ olójú-ewé 60 kan, tí akọ̀wé ẹ̀ka wa àtijọ́ fi bírò kọ orúkọ VLAN sí, òun la wá lọ, òun la fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn, àṣẹ tó ń pa vlan.dat rẹ́ ló máa ń ṣáájú lórí pátákó mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ wò ó dáadáa, ohun kan náà ni. Igbe network-confg, ìwé VTP: àpótí náà ń gba fáìlì tó ń sọ irú ẹni tó jẹ́ láti ìta, lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn tàbí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga. VTP ẹ̀dà kẹta wá tún ti rẹ̀ ṣe. Ẹ gbọ́dọ̀ yan switch kan ní olórí kí ó tó lè yí ìwé náà padà. TFTP ńkọ́? Wọ́n tún un kọ ní 1992, RFC 1350, láti wo àrùn kan sàn tó ń mú kó máa fi ègé kan ránṣẹ́ léraléra. Nígbà tí fáìlì ń tóbi, ìṣòro mìíràn yọjú: nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ka àwọn ègé náà kò lè ju 65,535 lọ, tí a bá sì sọ ọ́ di ìlọ́po 512, kò ju nǹkan bíi 32 MB lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, wọ́n gbé RFC 2347 àti 2348 jáde kí ègé kọ̀ọ̀kan lè tóbi ju 512 lọ. Wọ́n mú ilé náà gbòòrò sí i, wọ́n kun ún lọ́dà, wọn ò fi ilẹ̀kùn sí i. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé chip ò ní ààyè mọ́.

Smart Install ló wá jogún gbogbo rẹ̀. Èrò tó bí i dára. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka igba kò fẹ́ máa rán ẹnjinníà sí gbogbo ẹ̀ka. Ẹ gbé switch tuntun jáde nínú páálí, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ tan iná. Switch kan tó jẹ́ olùdarí á rí i, á sì ní kó lọ fi TFTP gba sọ́fítíwíà àti fáìlì ìṣètò rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà 4786 ni switch tuntun náà fi ń gbọ́ àṣẹ olùdarí. Kò béèrè ẹ̀rí pé olùdarí tòótọ́ ni. Lẹ́yìn tí ìṣètò bá parí pàápàá, lórí ọ̀pọ̀ Catalyst, ẹnu ọ̀nà yẹn ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣí i. Tí ẹ kò bá pàṣẹ no vstack, kò ní tì.

Ní oṣù kejì ọdún 2017, Cisco kìlọ̀ pé àwọn kan ń wá ẹnu ọ̀nà yìí kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àléébù kọ́ ni, pé bí wọ́n ṣe ṣe ìlànà náà nìyẹn, àwọn ènìyàn ló ń ṣì í lò. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, òun gan-an ló sì bani nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2018, wọ́n tún kéde àléébù tòótọ́ kan nínú Smart Install kan náà, CVE-2018-0171, wọ́n sì fi àtúnṣe rẹ̀ síta. Àwọn olùṣèwádìí Cisco ka àpótí bíi 168,000 tí ẹnu ọ̀nà 4786 wọn kọjú sí gbogbo ayé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní, ṣebí ọ̀nà tó ní kọ́kọ́rọ́ ti wà tipẹ́. Ó wà. SCP ń gbé fáìlì pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù, ó sì ń dì í ní àdìpọ̀ kí ẹlòmíràn má lè kà á lójú ọ̀nà. Àṣẹ verify á sì yẹ sọ́fítíwíà wò kẹ́ ẹ tó tan án. Àmọ́ ẹ wọ ọ́fíìsì ẹnjinníà nẹ́tíwọ́ọ̀kì èyíkéyìí lónìí, ẹ wo láptọ́ọ̀pù rẹ̀: TFTP ló máa wà níbẹ̀, torí kì í bi ni léèrè ọ̀rọ̀. Èmi náà ní i.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọdún méje lẹ́yìn tí àtúnṣe ti wà nílẹ̀, àjọ FBI kéde pé àwọn amí Rọ́ṣíà ṣì ń gba ẹnu ọ̀nà Smart Install kan náà wọlé sínú àwọn àpótí àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe, wọ́n sì ti kó fáìlì ìṣètò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ lọ ní Amẹ́ríkà. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò ya àsíá kankan, wọn ò pa nǹkankan rẹ́. Àwọn olùṣèwádìí Cisco tẹ àṣẹ tí wọ́n bá nínú àwọn àpótí náà jáde. Laini kan péré ni, tó ń sọ fún switch pé kó di olùpín fáìlì fúnra rẹ̀, kó sì máa fi startup-config rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè: tftp-server nvram:startup-config.